Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó ṣa obì ní ìdájí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní oko obì ní Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ oko ní ìdájí láìsí tọ́ọ̀ṣì àti bàtà rọ́bà gígùn, nítorí òru ni paramọ́lẹ̀ máa ń wá eku kiri, kì í sì í tètè sá fún ènìyàn bí ejò mìíràn, ṣe ni ó máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín ewé gbígbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ obì tí mo fẹ́ mú. Iná tọ́ọ̀ṣì ni ó kó mi yọ. Igi gígùn ni kí ẹ fi tú ewé. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má sì fi okùn dì í. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.