Bí ẹ ṣe lè gbọ́ àwọn àwo Metallica, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo àkọ́kọ́ tí Metallica, ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe. Eré àsápajúdé inú Kill 'Em All (1983) lè lé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ sá. Master of Puppets, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1986, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Orin 8 péré ló wà nínú rẹ̀, kò sì tó wákàtí kan. Ẹ wá íápíìsì tàbí sípíkà tó ní báàsì dáadáa, torí sípíkà fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, iṣẹ́ Cliff Burton, tó ń ta gìtá báàsì fún wọn, á sì fò yín ru.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ gbọ́ ọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún James Hetfield, akọrin wọn tó tún ń ta gìtá, ni kí ẹ fetí sí. Ìsàlẹ̀ nìkan ló sábà máa ń gbá okùn gìtá sí, kì í gbá a lọ gbá a bọ̀, kódà nígbà tí eré bá le. Ó tún fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn náà díẹ̀ nítòsí ìdí gìtá. Ohun tó jẹ́ kí ohùn yẹn ki, kó sì máa já kíákíá nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹ̀lé báàsì nìkan. Ẹni tó bá lè yọ omele kúrò lára ìyáàlù kò ní ṣòro fún. Ibi tó ti hàn jù ni orin keje, Orion, tí ẹnikẹ́ni kò kọrin nínú rẹ̀.

Ẹ wá padà sí Ride the Lightning (1984), kí ẹ sì bọ́ sí ...And Justice for All (1988). Ẹ to orin kẹrin inú àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra: Fade to Black, Welcome Home, One. Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀, ariwo ni gbogbo wọn parí sí. Kò sí ibi tí ẹ ti lè tètè rí bí wọ́n ṣe ń dàgbà tó o.

Bí báàsì bá sọnù nínú Justice, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Ìjàǹbá bọ́ọ̀sì pa Burton ní Sweden ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1986. Jason Newsted ló rọ́pò rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń po ohùn pọ̀, wọ́n rẹ báàsì tirẹ̀ sílẹ̀ débi pé agbára káká lẹ fi máa gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fi báàsì kún un, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ló máa bo gbogbo rẹ̀.

Àwo dúdú ti 1991 (Metallica ni orúkọ rẹ̀ gan-an), tí Bob Rock bá wọn bójú tó ìgbàsílẹ̀ rẹ̀, ló kàn. Àwọn orin rẹ̀ kúrú sí i, eré wọn sì rọ̀. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni Hetfield ti kọrin ní tòótọ́.

Ìgbà yìí ni kí ẹ padà sí Kill 'Em All. Wọ́n ti lé Dave Mustaine, tó ń ta gìtá fún wọn, kí wọ́n tó gba àwo náà sílẹ̀, Kirk Hammett sì ti gba ipò rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ Mustaine wà lára àwọn tó kọ orin 4 níbẹ̀.

Àwo Load àti Reload, ẹ ṣa díẹ̀ nínú wọn. St. Anger (2003) ń fẹ́ sùúrù: Lars Ulrich, onílù wọn, tú wáyà abẹ́ ìlù kékeré tí wọ́n ń pè ní snare sílẹ̀, ó wá ń dún gban-an gban-an, kò sì sí ibi tí gìtá ti ń dá lù kankan. Orin 2 lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ní ti Death Magnetic (2008), wọ́n ti ohùn rẹ̀ sókè kọjá ààlà kí ó tó jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń ya. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yóò ṣì máa ya, nítorí náà ẹ má gbé sípíkà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe.

Ẹ fi 72 Seasons (2023) kásẹ̀ ẹ̀. Robert Trujillo, tó ti wà nídìí báàsì láti 2003, ni kí ẹ máa wá nínú Inamorata, orin tó kẹ́yìn. Ó lé ní ìṣẹ́jú 11, ẹ má sì gé e sí méjì.