Bí mo ṣe lóṣòó ní Iléṣà gba £240 ní Leeds

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Leeds, ní Ìlú Ọba, ló kọ́kọ́ mẹ́nu ba cashback fún mi, ìyẹn owó tí wọ́n máa ń dá padà fún ẹni tó rajà, ó sì fi ń yangàn ni. May 2023 ni, orí WhatsApp la wà. Ó ní òun ti ra fóònù tuntun, òun ò sì san kọ́bọ̀ sílẹ̀. Kọ́ńtíráàtì ni: báǹkì á máa yọ £32 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́rìnlélógún, owó fóònù, owó ìpè àti dátà ti wà nínú ẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ká sọ òótọ́, £22 ni mò ń san. Wọ́n á dá £240 padà fún mi." Mo ní, nígbà wo? Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní, ṣé wọ́n á kàn máa sọ ọ́ sínú àkáǹtì ẹ ni, àbí wàá lọ bèèrè? Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó wà nínú ímeèlì kan."

Iṣẹ́ fọ́ọ̀mù ni mò ń ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ò jìnnà sí Ẹ̀rẹ̀jà, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ kún fọ́ọ̀mù JAMB, tí mo sì ń tẹ ìwé NIN jáde fún àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà Atákúnmọ́sà. Mo mọ ibi tí "ó wà nínú ímeèlì kan" máa ń já sí. Mo ní kó fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà gan-an. November ló tó fi ránṣẹ́.

Kí n tó dé orí November, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ owó yìí ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ wa níbí, káàdì la máa ń rà ká tó pe èèyàn. Níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni nẹ́tíwọọ̀kì, ọ̀tọ̀ ni alágbàtà tó ta kọ́ńtíráàtì. Nẹ́tíwọọ̀kì ló ń gba £32. Torí pé alágbàtà bá a mú oníbàárà wá, nẹ́tíwọọ̀kì á fún un ní kọ́míṣọ̀n, alágbàtà á sì ṣèlérí pé òun á bù nínú ẹ̀ fún oníbàárà. Àwọn àgbà ní alágbàtà ní ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èyí ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Àmọ́ kò ní gbé owó náà wá bá ọ. Ìwọ lo máa lọ bèèrè, lọ́jọ́ tó dá, pẹ̀lú ìwé tó ní kí o mú wá. Tí ọjọ́ bá ti yẹ̀, ìpín tọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Irú èyí tó ń wọlé fúnra ẹ̀ wà o, ṣùgbọ́n irú tàbúrò mi kọ́.

Ẹni tó bá ń ta ọjà báyìí ti ṣírò ìgbàgbé mọ́ èrè ẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀ ti pọ̀ rí ní Ìlú Ọba. Àwọn alágbàtà kan kógbá sílé láìsan owó oníbàárà, nẹ́tíwọọ̀kì sì ń yọ owó tiẹ̀ lọ ní pẹrẹu, torí kò sóhun tó kàn án nínú àdéhùn yẹn. Ní 2009 ni Ofcom, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀, ṣòfin pé májẹ̀mú cashback ò gbọdọ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dáa. Òfin ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bá ọ rántí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni wá. Bàbá tó bí bàbá wa ṣe òṣómàáló. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n, àwọn oníṣòwò aṣọ ni, wọ́n á ru aṣọ dé ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á dájọ́. Bọ́jọ́ bá pé, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọn ò ní gba àga, wọn ò ní jẹun, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀. Òṣó ni mà á ló kí n tó gbowó mi: ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá bàbá àgbà mọ́, mo rí ìwé gbèsè wọn, wọ́n fi òwú dúdú dì í. Tàdáwà inú ẹ̀ ti pọ́n bí obì. Orúkọ, irú aṣọ, iye owó, ọjọ́. Gbogbo ẹni tó ti san, wọ́n fa ìlà gba orí orúkọ ẹ̀ kọjá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọn ò fa nǹkan lé lójú ewé tí mo ṣí: "ìyá ẹlẹ́kọ, ṣílè márùn-ún." Mi ò mọ̀ bóyá ìyá náà kú ni, àbí bàbá ṣàánú ẹ̀.

Thursday, 23 November 2023, lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ni ímeèlì àbúrò mi tó dé, ó sì kọ ọ́ sókè pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, bíìlì kẹfà máa jáde lọ́la, òun la máa fi bèèrè èyí àkọ́kọ́." Mo ṣí májẹ̀mú náà lórí fóònù, torí iná ti lọ láti ọ̀sán. Ojú ewé méje. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n máa san án, £48 lẹ́ẹ̀kan: bíìlì kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá, ìkejìdínlógún àti ìkejìlélógún. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí bíìlì jáde. Kò gbọdọ̀ sí oṣù tí kò san. Kò gbọdọ̀ lọ sí pláànù tó kéré ju èyí tó rà. Ní ojú ewé kẹrin ni mo ti ríyọnu: bíìlì tó bá kọ́kọ́ jáde ni bíìlì kìíní, ì báà jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan péré.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù May ni wọ́n so nọ́ńbà ẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni bíìlì ọjọ́ mélòó kan yẹn jáde, àbúrò mi ò sì kà á sí bíìlì rárá, June ló ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Mo fi ìka kà á: May, June, July, August, September, October. Bíìlì kẹfà ti jáde láti 24 October. Ọgbọ̀n ọjọ́ lórí ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló pé. Ká ní mo sùn, ó di gbéré.

Mo pè é, kò gbé e. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kó fóònù sí. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo bẹ epo inú ẹ̀ pé kó dúró tì mí. Mo ní pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì nẹ́tíwọọ̀kì ẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ wọlé lórí kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n á fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀. Ìgbà karùn-ún ló gbé e. Aago méjìlá ti lù lára ògiri mi, ọkàn mi ti já. Mo ní, "Ó ti bọ́, ọjọ́ ti yí." Ó ní, "Àǹtí mi, ọjọ́ wo ló yí? Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje ni níbí." Lásìkò òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa; láti ìparí March tí wọ́n bá ti yí aago wọn títí di ìparí October, aago kan náà la jọ ń lò. Wákàtí kan yẹn ló gbà wá. Ó ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Fọ́ọ̀mù náà fúnra ẹ̀ ò le: orúkọ bó ṣe wà lórí bíìlì, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó rà á, àti àkáǹtì báǹkì tó jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o so bíìlì mọ́ ọn. Ìkánjú mú kí n ya screenshot ibi tí wọ́n kọ £32 sí, òun ni mo so mọ́ ọn. Ímeèlì tó gbé nọ́ńbà ìbéèrè wa wọlé ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, aago Leeds. Jẹnẹrétọ̀ kú kí n tó pa kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwọn ò gba àwòrán, odidi bíìlì làwọn ń fẹ́, PDF, gbogbo ojú ewé, kí orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ àti pláànù hàn. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Èmi náà máa ń lé ọmọ tó bá fi fóònù ya ìwé ọjọ́ ìbí wá sí ṣọ́ọ̀bù padà sílé. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tún un ṣe. Mo wa bíìlì náà sílẹ̀ látinú àkáǹtì, mo fi ránṣẹ́. £48 wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àbúrò mi. Mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ ìlà márùn-ún sínú ẹ̀, ọjọ́ tí bíìlì máa jáde àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì. Mo fa ìlà gba orí èyí àkọ́kọ́ kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e, ní February 2024, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ṣe é.

April ni wàhálà mìíràn dé. Bíìlì fò láti £32 sí £34.53, àbúrò mi pariwo pé wọ́n ti ń ja òun lólè. Olè kọ́, ó wà nínú ohun tó fọwọ́ sí: gbogbo April, wọ́n á fi iye tí ọjà fi wọ́n sí i, tó jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà, kún 3.9, wọ́n á sì fi 7.9 yẹn lé owó. Cashback dúró sí £48 ní tiẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbà ń gòkè, èyí tí wọ́n ń dá padà ò mira. Ó ní òun á lọ sí pláànù kékeré. Mo ní dákun, jókòó: tí o bá gbé ẹsẹ̀ yẹn, £144 tó kù ti lọ. (Láti 17 January 2025, Ofcom ò gbà kí wọ́n fi ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún bẹ́ẹ̀ sínú kọ́ńtíráàtì tuntun mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ iye tí wọ́n máa fi kún un ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì. Tiwa ti jẹ́ ti àtijọ́.) Ti June wọlé láìsí ariwo.

Ti October 2024 ni mo ti lóṣòó lóòótọ́. Ọjọ́ kejì tí bíìlì jáde ni mo ti fi ránṣẹ́, PDF, gbogbo ojú ewé. Wọ́n ní ọjọ́ márùndínláàádọ́ta làwọn máa ń lò. Ó pé, kò sówó. Mo kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn ò rí ìbéèrè kankan. Mo fi ímeèlì tí àwọn fúnra wọn fi gbé nọ́ńbà fún wa ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbé e fún àwọn tọ́rọ̀ kàn. Mo mọ gbólóhùn yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ fún oníbàárà rí.

Mo wá fi ọjọ́ Monday sí i. Gbogbo Monday, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ímeèlì kan náà, nọ́ńbà kan náà, orúkọ àbúrò mi nísàlẹ̀ torí òun ló ni kọ́ńtíráàtì. Kò séèébú, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí níbẹ̀: iye ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ wá. Nínú ìkẹrin, mo fi kún un pé tí kò bá wọlé, àbúrò mi á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré níbẹ̀. Ẹ̀yin Kérésì, ẹ̀yin ọdún tuntun, mi ò yẹ Monday kan. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ ìkẹfà ni owó wọlé, wọn ò sọ nǹkan kan, wọn ò kí wa kú àforítì. Mo fa ìlà náà débi pé bébà fẹ́ẹ̀ ya.

Èyí tó gbẹ̀yìn, ti February 2025, wọ́n san án kíá, bóyá wọ́n ti mọ orúkọ wa. Àbúrò mi ní òun ò fẹ́ nínú ẹ̀, ó fi £48 náà ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí pọ́n-ùn kan ń sún mọ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ó ra yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, ó sì ṣẹ́kù epo jẹnẹrétọ̀.

Ní May, kọ́ńtíráàtì parí. Ó tẹ PAC ránṣẹ́ sí 65075, wọ́n fún un ní kóòdù tó máa fi kó nọ́ńbà ẹ̀ lọ síbòmíràn. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà ló pè mí: alágbàtà mìíràn ti rí i, fóònù tó dáa ju tàná, £38, cashback £300. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gbà á?"

Mo ní kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, kó kọ́kọ́ fi májẹ̀mú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lálẹ́ yìí o, kì í ṣe November.