Ampilifáyà àtijọ́ yẹn, ṣé kẹ́ ẹ tún un ṣe ni àbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀?

Tọ́wọ́ yín bá ba ampilifáyà ayé ìgbà yẹn, irú Marantz 2270 tàbí Pioneer SX-1250, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kì í bọ iná o. Èyí tí ò ti gba iná láti ọjọ́ pípẹ́, tẹ́ ẹ bá kàn tàn án lójijì, ó lè jó nǹkan tí ò sí lọ́jà mọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà lójú tèmi: kí ló wà nínú ẹ̀ tí ò ṣeé rà mọ́, ṣé ó ṣì dáa?

Ẹ tú ìdérí ẹ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Transfọ́mà lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá ń rùn bí ohun tó jó, tára ẹ̀ sì ti dúdú, èmi ò ní dá a lé, torí fólítéèjì tí ẹ̀rọ yẹn nìkan ń lò ni wọ́n ṣe é fún, àfi kẹ́ ẹ rí òkú irú ẹ̀ tẹ́ ẹ máa yọ tiẹ̀. Ẹ wá wò ó bóyá STK ló ń lò, ìyẹn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń gbé ohùn ga, tí Sanyo ń ṣe nígbà náà, wọ́n máa ń dè é mọ́ heatsink, irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀. Wọn ò ṣe é mọ́, ayédèrú ló kún ìta. Èyí tó ń lo transístọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti Marantz yẹn sàn jù, ẹ máa rí ìrọ́pò.

Kapásítọ̀ tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ìyẹn ò tó nǹkan rárá. Omi inú ẹ̀ máa ń gbẹ ni, ó sì ṣeé pààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan kan tó dì ràkọ̀ràkọ̀ nídìí ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé ó ń jò, gúlúù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ níléeṣẹ́ ni nígbà míì, àmọ́ tí gúlúù yẹn bá ti di búráùn, ẹ ha á kúrò, ó máa ń jẹ wáyà. Fólúùmù tó ń ha ńkọ́? Contact cleaner, oògùn tí wọ́n ń fín sí i láti fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀, ti tó.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, torí èyí tí wọ́n ṣe fún ilé Japan, 100V ló ń lò, ti Amẹ́ríkà 120V.

Ẹ wá so gílóòbù àtijọ́ 60W tàbí 100W (kì í ṣe LED o) sáàárín ọ̀kan nínú wáyà iná ẹ̀, kí iná gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tó tàn án, kẹ́ ẹ má so sípíkà. Tí gílóòbù bá tàn yòò lẹ́ẹ̀kan tó wá rọlẹ̀ di bàìbàì, ó dáa. Tó bá tàn yòò tó dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ti ṣọ́ọ̀tì nínú ẹ̀, ẹ pa á kíá. Tó bá rọlẹ̀, ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sójú ibi tí wọ́n ń so sípíkà, DC ni kẹ́ ẹ yí i sí. Tí ò bá tó 50 millivolt, ara ẹ̀ dá. Tó bá jẹ́ odidi fólítì lẹ rí níbẹ̀, ó máa jó sípíkà yín.

Ẹ rántí pé kapásítọ̀ ńlá inú ẹ̀ ṣì lè gbé iná dání lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ẹ̀rọ lára iná. Èyí tó ń lo túùbù, inú ẹ̀ lè ju 400V lọ, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Tápá kan (ọ̀tún tàbí òsì) bá kú tí ìkejì ń ṣiṣẹ́, ẹ tún un ṣe, torí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ máa fi wọn èyí tó kú, ojú kan sí ojú kan, títí mítà á fi sọ ibi tó ti yàtọ̀. Àmọ́ tí transfọ́mà àti STK bá jọ lọ, ẹ tú u tà. Ojú ẹ̀ àtàwọn bọ́tìnnì ẹ̀ nìkan, àwọn tó ní irú ẹ̀ ń wá a lójú méjèèjì.