Ọmọ tó ní wárápá: bí ayé kò ṣe ní há mọ́ ọn

Wárápá lè gbé ọmọ fún ìṣẹ́jú méjì péré lóṣù, kí ará ilé sì fi gbogbo ọjọ́ tó kù dè é mọ́lẹ̀: wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní kó má lọ sílé-ìwé, wọn ò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Wárápá kì í ràn. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ dá abọ́ ọmọ padà sáàárín abọ́ àwọn yòókù.

Ó wá kan oògùn. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ilé yín kì í pa jẹ: lẹ́yìn ẹ̀kọ òwúrọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri, kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa fàlà sí i tó bá ti lò ó. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ fún un ní kété tí ẹ bá rántí, àfi tí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́lé. Ẹ má fún un ní ìlọ́po méjì láé. Ìgbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ ti ra òmíràn. Ẹni tó bá já oògùn lójijì nítorí pé oṣù mẹ́fà ti kọjá láìgbé e, àgbétúngbé ló ń pè, ìyẹn sì lè pa ọmọ. Ó máa ń tó ọdún 2 láìgbé e kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn náà kù, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń dín in. Bí phenobarbitone, ọ̀kan lára oògùn wárápá, bá ń mú un tòògbé ní kíláàsì tàbí tó sọ ọ́ di oníbìínú, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá sú lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ carbamazepine, oògùn wárápá mìíràn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà lọ. Àgbo ìtọ̀ màálù ńkọ́? Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì wá fa gìrì.

Kò yẹ kí ọmọ máa jókòó lásán níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ṣùgbọ́n kó má jókòó ti ààrò. Bó bá gbé e níbẹ̀, iwájú ló lè ṣubú sí, sórí agbada àti iná. Asẹ́ ni kí ẹ gbé fún un, kó máa sẹ́ gàrí lókèèrè sí iná. Nílé, kí ẹlòmíì máa ro ọkà. Kó jókòó sórí àpótí wẹ̀, kí ìlẹ̀kùn wà ní pípadé láìfi irin há a. Kó má dá lọ síbi kànga. Bó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní Yemọjí, odò ìlúwẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n lú ni kó wà nítòsí tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Àìsùn ń fa wárápá gan-an, ìdí nìyí tí Iléyá fi ń da nǹkan rú. Lálẹ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú lẹ́yìn Iléyá, àlejò kún ilé, aṣọ ẹgbẹ́ régbérégbé ń kọjá lọ́wọ́ télọ̀, ọmọ ò sùn títí di aago méjì òru, oògùn òwúrọ̀ sì kù sílé. Ẹ má torí ẹ̀ tì í mọ́lé. Ẹ di oògùn ọjọ́ mẹ́ta sínú àpò kékeré, kó sùn lọ́sàn-án, kó tètè wọlé lálẹ́, kó sì máa mu omi nínú oòrùn.

Bó bá gbé e, ẹ wo aago. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má dì í mú, ẹ má ki síbí sí i lẹ́nu, ẹ má rọ àdín fún un. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún gbé e kó tó jí, tàbí inú omi ló ti gbé e, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò: ó wúlò fún dókítà ju àlàyé lọ.

Ẹ kọ ìgbésẹ̀ wọ̀nyí fún tíṣà. Ẹ fi kún un pé ọmọ tí ojú rẹ̀ dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè máà jẹ́ aláìfetísílẹ̀. Ó lè jẹ́ irú wárápá kan, ẹgba ò sì wò ó. Bó bá jí, kó sinmi, kó sì padà sí kíláàsì.

Ọ̀dọ́ tó ní wárápá ò gbọdọ̀ wa ọ̀kadà, kó yẹra fún ọtí, kó má sì fi gbogbo òru kàwé ìdánwò. Ọmọbìnrin tó ń lo sodium valproate, tí òun náà jẹ́ oògùn wárápá, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ tipẹ́ kó tó lóyún, torí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá; kó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀. Bó bá ti tó ọmọ ọdún 13, ẹ jẹ́ kó máa dá wọlé bá dókítà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò ní bi í lójú ìyá rẹ̀.