Bí A Ṣe Ń Gbé Pẹ̀lú Etí Tó Ń Hó

Etí tí ó ń hó kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ènìyàn tó máa wá oògùn kiri, irú ìró tí ó ń gbọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ dájú. Ti ẹnì kan a máa dún ṣììì tọ̀sán-tòru, ti ẹlòmíràn a máa kùn hùùù, ti ẹlòmíràn a máa ké bí ìrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì rí àwọn tí tiwọn ń dún kọ́ kọ́ kọ́, tàbí tí ó ń sọ kì kì kì bí ọkàn wọn ti ń lù. Etí híhó ni gbogbo wa ń pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣùgbọ́n ohun tí ó fa ọ̀kan lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó fa èkejì, ẹni tí ó bá sì ń fi ìtọ́jú ọ̀kan wo èkejì, owó ni yóò kàn máa ná dànù.

Nínú etí lọ́hùn-ún, ibì kan wà tí ó lọ́ pọ̀ bí ìkarahun ìgbín, níbi tí àwọn ẹ̀yà kéékèèké onírun tẹ́ẹ́rẹ́ tò sí, tí iye wọn nínú etí kan tó nǹkan bí 15,000. Àwọn ni wọ́n ń gba ìró, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ìròyìn tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ. Ariwo ńlá, ọjọ́ ogbó àti àwọn oògùn kan a máa pa wọ́n, èyí tí ó bá sì ti kú nínú wọn kì í hù padà. Nígbà tí ọpọlọ kò bá rí ìròyìn gbà mọ́ láti ibi tí wọ́n ti kú, yóò máa tẹ́tí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, títí yóò fi máa gbọ́ ìró tí kò sí níta rárá. Nítorí náà, kì í ṣe pé ayé ń ránṣẹ́ sí onítọ̀hún, kì í sì í ṣe pé kòkòrò wọ̀ ọ́ létí. Ìdí kan náà ni kì í fi í sí àǹfààní nínú àdín, epo tàbí omi ewé tí a bá ń kán sínú etí nítorí irú ìró bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọn kì í dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí awọ ìlù etí bá sì ti lu tẹ́lẹ̀, wọ́n lè dá àrùn mìíràn sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ irú tiyín kò nira. Ní alẹ́, nígbà tí àdúgbò bá ti pa rọ́rọ́, ẹ jókòó sórí àga, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ níbi tí iṣan ti ń lù, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìró náà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ pé bí iṣan ti ń lù ni ìró náà ń dún, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí etí. Irú èyí kì í ṣe ohun tí à ń gbélé wò. Ẹ gbé e tọ dókítà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ deyín mọ́ra, ẹ ṣí ẹnu, ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ohùn ìró náà bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí àgbọ̀n tàbí ọrùn ní ọwọ́ nínú rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó máa ń lọ eyín pọ̀ lójú oorun. Èyí tí ó ń dún kọ́ kọ́ kọ́ tí kò sì bá iṣan ọwọ́ rìn sábà máa ń wá láti ara iṣan kékeré inú etí tàbí ti àjà ẹnu tí ó ń fà láìgba àṣẹ. Èyí tí ó ń kùn hùùù, tí etí sì ń wúwo, tí òòyì ń kọ́ ènìyàn, tí ìgbọ́ràn ń lọ tí ó ń bọ̀, tún jẹ́ àìsàn mìíràn tí ó ní ìtọ́jú tirẹ̀, níbi tí dókítà ti lè ní kí ẹ dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé kékeré kan: etí wo ni, irú ìró wo ni, ìgbà wo ló ń le jù, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ìwé yẹn yóò wúlò fún dókítà ju kí ẹ kàn sọ pé "etí ń dùn mí" lọ.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Bí etí kan bá dédé di lójijì, tàbí tí ìgbọ́ràn rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, yálà ó ń hó tàbí kò hó, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé oògùn tí wọ́n ń lò fún un máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì ti kọjá, ìrètí á ti dínkù. Bákan náà ni ti ẹni tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà tí ó sì fi orí gbálẹ̀, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí ó bá ń hó ní etí kan ṣoṣo láìdáwọ́dúró kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni ó yẹ, nítorí pé nígbà mìíràn ìwúlé kékeré kan máa ń wà lára iṣan etí, tí ẹ̀rọ MRI, èyí tí ń ya àwòrán inú ara, nìkan lè fi hàn.

Fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn olùkọ́ni LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen wà láàárín ìlú, UCH tí ó wà ní Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka tí ó wà fún etí, imú àti ọ̀fun. Nígbà tí ẹ bá ń gba káàdì, ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ etí ni ẹ bá wá. Wọn yóò kọ́kọ́ tanná wo inú etí, nítorí pé ìdọ̀tí tí ó le pọ̀ lè mú etí hó, bí wọ́n bá sì ti kó o kúrò, ó lè parí síbẹ̀. (Mo mọ̀ pé àwọn tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi òwú wa etí pọ̀ láàárín wa, wọ́n á sì ní ó ń dùn, kò sí ẹni tí ó ní kò dùn, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni ó ń tì wọ inú lọ.) Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yẹ ìgbọ́ràn wò: ẹ ó jókòó níbi tí ó pa rọ́rọ́, wọn yóò fi ohun ìgbọ́rọ̀ dé yín létí, ẹ ó sì máa ṣe àmì nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e dání. Kuiníìnì, abẹ́rẹ́ gentamicin, aspirin tí ó bá pọ̀ jù, àti furosemide tí wọ́n ń lò láti mú ènìyàn tọ̀, wà lára àwọn oògùn tí ó lè mú etí hó. Ti kuiníìnì àti ti aspirin sábà máa ń rọlẹ̀ bí a bá dáwọ́ wọn dúró, ṣùgbọ́n èyí tí gentamicin bá ti bàjẹ́ nínú etí kì í sábà padà sípò. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ kí ènìyàn lọ sí kẹ́mísì kó ní kí wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé dókítà ni ó kọ oògùn kan fún yín, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Ẹ padà lọ bá a.

Bí wọ́n bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí wọn kò rí nǹkan tí ó léwu, á jẹ́ pé irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni tiyín, èyí tí ó ń bá àgbàlagbà àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo rìn. Títí di òní, kò sí oògùn kan tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wò ó sàn, títí kan ginkgo, oògùn ewé tí wọ́n ń tà nínú páálí. Ohun tí ó ṣeé ṣe, tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni pé kí ìró náà wà níbẹ̀ kí ọkàn má sì kà á sí mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí ìkóríta Tákíè kì í ti í gbọ́ fèrè ọkọ̀ mọ́ àfi bí àlejò bá sọ ọ́.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ ní ọ̀nà yẹn. Ní ọdún 1953, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Heller àti Bergman, mú 80 ènìyàn tí etí wọn gbọ́ràn dáadáa wọ yàrá tí ariwo kankan kò lè wọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, 94 nínú wọn ni ó ní òun gbọ́ ìró kan. Bí ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá bá lè gbọ́ ìró nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, kí ni ti ẹni tí tirẹ̀ ti ń hó tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ó bá ní àìsàn yìí mọ̀ pé bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù, òun kì í rántí etí òun, ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ lóru, tí fáànù dúró, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì náà sì kú, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé ṣe ni ó ń dúró de àyè.

Nítorí náà, ẹ pèsè ìró kékeré tí kò gbára lé iná NEPA. Fáànù tí a ń ṣáájì wúlò, rédíò oníbátìrì náà sì wúlò. Bí ẹ bá fẹ́ lo rédíò, ẹ yí i kúrò lórí gbogbo ilé iṣẹ́ títí ẹ ó fi dé ibi tí ó kàn ń hó ṣááá láìsí ọ̀rọ̀ tàbí orin nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ a máa fa ọkàn, kì í jẹ́ kí oorun wá. Ẹ pa ohùn rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ti rédíò àti ti etí pọ̀, tí méjèèjì ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, ni kí ẹ dúró. Ẹ má ṣe gbé e títí yóò fi bo ìró etí mọ́lẹ̀, nítorí pé ohun tí ọpọlọ kò bá gbọ́ kò lè mọ́ ọn lára. Ẹ gbé e sórí tábìlì tí ó jìnnà díẹ̀ sí ibùsùn, kí ẹ jẹ́ kí ó máa dún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá jí ní òru sínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yóò ṣòro fún láti sùn padà. Obì náà ní èròjà tí ń lé oorun lọ. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́.

Bí ìgbọ́ràn bá ti dínkù pẹ̀lú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni mo kà sí owó tí ó yẹ kí ẹbí dá fún àgbà ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé bí ìró ìta bá ń wọlé, ti inú á máa rẹlẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni ariwo tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdí láti máa wá ìdákẹ́rọ́rọ́ kiri. Ariwo tí ó tó dẹ́síbẹ́lì 85 (dẹ́síbẹ́lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) ni wọ́n sábà máa ń gbà kí ènìyàn wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 lé sí i, wákàtí 4 ni, bí ó bá di 94, wákàtí kan péré ni. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n lè dán an wò báyìí: bí ẹni tí ó dúró níwọ̀n ìdúró apá kan sí yín kò bá lè gbọ́ yín àfi bí ẹ bá gbé ohùn sókè, ó ti kọjá 85. Ẹ̀rọ ìlọta àti ti èlùbọ́ ní ọjà Aràdá, ibi tí wọ́n ti ń la pákó, iwájú gbohùngbohùn ní òde àríyá tàbí ní ìsọjí, gbogbo wọn ni kí ẹ fi ìyẹn wò. Ẹ jókòó jìnnà sí gbohùngbohùn, nítorí pé ní ìta gbangba, bí ẹ bá sọ àlàfo náà di ìlọ́po méjì, ariwo á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́lì 6 dínkù. Ẹni tí ń lọ ata fún ìjẹ kò lè sá fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè lo fóòmù ìdí etí: kí ó fi ìka rọ́ ọ títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gbé ọwọ́ kejì gba orí kọjá láti fa etí náà sókè sẹ́yìn, kí ó tì í bọ inú etí, kí ó sì fi ìka dì í mú títí yóò fi wú. Òwú lásán kò dí ariwo tó. Bí ẹ bá sì ti kúrò níbi ariwo, ẹ yọ ọ́; ẹni tí ó bá ń dí etí kiri ilé ń sọ etí náà di èyí tí yóò máa fòyà ìró lásán.

Nínú gbogbo ohun tí a ti dán wò, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù láti dín ìdààmú etí híhó kù ni ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe pẹ̀lú onímọ̀ nípa èrò ọkàn. Kì í pa ìró náà; ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ó ń pa. Ẹni tí ó bá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé "n kò ní í lè sùn mọ́ láyé mi" ni wọn yóò kọ́ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ṣé lóòótọ́ ni kò sùn rárá lánàá, àbí ó pẹ́ kó tó sùn? Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí fúnra yín nínú ìwé kékeré ọjọ́sí. Bí ó bá dé ibi tí ẹni náà ń rò pé ikú yá ju èyí lọ, kí ó sọ ọ́ síta fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ará ilé náà ní iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé "Màmá, kò sí ariwo kankan níbí o" ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó sàn ni kí ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù kí ó tó sọ̀rọ̀, kí ó dojú kọ wọn, kí ó má ṣe máa bi wọ́n láràárọ̀ pé "Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé etí yẹn ṣì ń hó?", nítorí pé ìbéèrè yẹn gan-an ni yóò rán ẹni tí ó ti gbàgbé létí.