Bí súìtì ò ṣe ní máa há nínú vending machine tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ ṣe vending machine kékeré (ẹ̀rọ tó ń tajà fúnra ẹ̀), Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sáré rà, wọ́n á ra screen, wọ́n á ṣètò bí wọ́n á ṣe máa gbowó, gbogbo ẹ̀ á tàn yinrinyinrin kí wọ́n tó wá rántí pé súìtì gbọ́dọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà o.

Súìtì róbótó tó le ni ká fi ṣàpẹẹrẹ. Sípíríǹgì gbọọrọ tẹ́ ẹ máa ń rí nínú èyí tó ń ta bísíkíìtì, ẹ má lò ó fún nǹkan róbótó, ṣe ni wọ́n á máa yọ́ gba àárín ẹ̀ kọjá. Àwo oníhò tó ń yí lábẹ́ àrọ tẹ́ ẹ da súìtì sí lẹ máa lò, súìtì á bọ́ sínú ihò, àwo á gbé e dé ibi tó ti máa já sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gé ihò kankan, ẹ fi kálípà (irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọn bíi 20 nínú súìtì yẹn, ẹyọ kan ò tó, torí inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n ti wá àmọ́ wọn kì í dọ́gba. Èyí tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ fi gé e, kẹ́ ẹ wá fi mìlímítà 1 tàbí 2 kún un. Kí ihò má jìn ju ẹyọ kan lọ, torí tó bá jìn jù, èkejì á gorí ẹ̀, ìdajì ẹ̀ á wà nínú ihò ìdajì á wà níta, àwo á yí báyìí, ó há nìyẹn. Ẹ fi sáńpépà ha etí ihò kó má mú.

Níbi tí àwo ti ń kúrò lábẹ́ àrọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ kó máa gbá èyí tó bá gorí kúrò. Ẹ má fi irin síbẹ̀ láéláé, búrọ́ọ̀ṣì á tẹ̀ tí nǹkan bá fẹ́ há, irin ò ní tẹ̀, á kàn fọ́ súìtì yín sí wẹ́wẹ́ ni. Ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì ni ihò tí wọ́n á ti já sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kí ìbòrí sì wà lókè ẹ̀.

Àrọ ńkọ́? Tí ẹnu ẹ̀ bá fún, súìtì mẹ́ta mẹ́rin á fèjìká ti ara wọn bí èrò tó jọ já sẹ́nu ọ̀nà danfo lẹ́ẹ̀kan náà, òkè á kún, ìsàlẹ̀ á ṣófo. Kí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó ẹyọ mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dáadáa, ó kéré tán 45 degree, kẹ́ ẹ tún so wáyà kékeré mọ́ àárín àwo kó máa tú wọn ká bó ṣe ń yí.

Ó wá ku mọ́tò. 28BYJ-48, mọ́tò kékeré tó ń yí ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀ (step), tí gbogbo wa ń rà torí pé kò wọ́n, wọ́n á ní step 2048 ló fi ń yí ká lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ka eyín jíà inú púpọ̀ nínú wọn, nǹkan bíi 2038 ló jẹ́. Step 10 tí wọ́n fi yàtọ̀ yẹn kéré lójú o, àmọ́ tí àwo yín bá ní ihò 8, step 256 ni láti ihò kan sí èkejì, kó tó yí ká nígbà 13, ó ti ṣáko tó ìdajì àlàfo ihò kan sí èkejì, ẹ ó wá máa bú kóòdù yín. Ẹ lẹ mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ etí àwo, kẹ́ ẹ fi hall sensor, èyí tó máa ń mọ̀ tí mágnẹ́ẹ̀tì bá wà nítòsí, sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti rí mágnẹ́ẹ̀tì kí Arduino tún kíkà step bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gba mọ́tò gbọ́, ó lè yí kí nǹkankan má bọ́. Ẹ fi iná infrared (iná tójú ò lè rí) àti sensor ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, kí ẹnu ọ̀nà yẹn fún débi pé súìtì ò ní rọ́nà yà, kẹ́ ẹ bò ó kí oòrùn má tàn sí i. Súìtì tó já láti 20 cm, á ti máa sáré tó mítà 2 ní sẹ́kọ́ǹdì kan tó bá débẹ̀, tó bá jẹ́ 1 cm, millisecond 5 péré (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdì ni millisecond kan) ló máa fi dí iná yẹn. Ẹni tó bá ní delay(100) nínú kóòdù ẹ̀, èyí tó ń ní kí Arduino dúró fún millisecond 100, súìtì ti dé ọwọ́ oníbàárà kí Arduino tó jí. Interrupt ni kẹ́ ẹ lò, òun ló ń jẹ́ kí Arduino fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí sensor bá ti rí nǹkan. Tí sensor ò bá rí nǹkan, kí mọ́tò padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tún gbìyànjú, tó bá dẹ̀ẹ̀mẹta tí ò bọ́, kó dúró, kó dá owó olówó padà.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn gan-an, kọ́ọ̀ìnì ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà mọ́, nítorí náà tókìn tàbí transfer ni. (Hero ará Alẹkisáńdíríà ti ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ń gba kọ́ọ̀ìnì kó tó bu omi fún èèyàn ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, ó dáa fún un, òun rí kọ́ọ̀ìnì lò.)

Nígbà òjò, súìtì tí ò ní ọ̀rá lára á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, èèrà náà á sì dé, ẹ ra èyí tí wọ́n wé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ dán an wò nígbà tí àrọ kún, nígbà tó dé ìdajì, àti nígbà tó ku ẹyọ márùn-ún, torí márùn-ún ìkẹyìn yẹn lágídí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ kẹ́ ẹ gba ojú títì tó ní kòtò, kẹ́ ẹ tún un dán wò, súìtì tó ti mì jìgìjìgì máa ń kì mọ́ra ju èyí tẹ́ ẹ rọra dà sí i lọ.