Òdòdó Tútù Lórí Tábìlì Àlejò

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lóṣù kẹta, tí eruku ọyẹ́ ti ṣàn kúrò lára ewé, kò sí àdúgbò kan láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó tí òdòdó kì í tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Òyìnbó ń pe tiwọn ní ìgbà ìrúwé. Tiwa ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Àárín ìgbà yẹn náà ni Ọdún Àjíǹde máa ń bọ́ sí, táwọn ọmọ tó wà l'Ékòó á wálé. Ẹ má wulẹ̀ náwó sórí òdòdó oníke.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ wà

Lọ́dún kan, ọ̀sán gangan lọ́jọ́ àpèjẹ ni mo gé ixora. Kí ìkọ́kọrẹ́ tó dórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ti dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ìyá ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn rọra gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Oòrùn ọ̀sán ti fa omi ara igi gba ojú ewé lọ, ohun tí ẹ bá gé nígbà yẹn, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gé e, tàbí àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání lọ sídìí igi, kí ẹ máa kì í bọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń gé e. Ọ̀bẹ tó mú ni kí ẹ lò, kí ẹ gé e ní ìdagun. Àlùmágàjí tó ti kú máa ń tẹ ojú ọ̀nà omi pa. Ẹ já gbogbo ewé tó máa wọnú omi, torí wọ́n á jẹrà, omi á sì di ẹlẹ́gbin. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tó tutù di àárọ̀, kí ẹ tún gé bí sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò nídìí rẹ̀ kí ẹ tó tò ó.

Nínú lítà omi 1, ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìmutíì 1 àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 2 sí i. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan máa ń kán Hypo díẹ̀ sómi òdòdó. Tí ẹ bá ti fi ọsàn sí i, ẹ má dá a láṣà, òórùn tó máa jáde lè ṣe èémí ní jàǹbá.

Èyí tó ń pẹ́ àti èyí tí kì í pẹ́

Ixora, táwọn ọmọdé máa ń fa oyin rẹ̀ mu, ń pẹ́ dáadáa. Heliconia ló le jù, ó sì fẹ́ràn ibòji abẹ́ kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ olómi lè gbìn ín. Hibiscus, tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì, ọjọ́ kan péré ló ní, omi wà o, omi ò sí o. Àárọ̀ ọjọ́ àpèjẹ gan-an ni kí ẹ já a. Frangipani ní oje funfun. Ẹ jẹ́ kó dá kí ẹ tó kó o wọlé, kí ẹ wá léfòó rẹ̀ sínú àwo omi. Ewé pèrègún ń pẹ́ nínú omi, àmọ́ ẹ bi àgbà ilé kí ẹ tó kó o wá síwájú àlejò. Akòko ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìwúyè.

Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò ìkòkò

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti bẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ gé bí sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ là á sí méjì lóròó. Ẹ dojú ibi tó tẹ́ délẹ̀ sínú tíréè. Ẹ fi igi tó mú lu ihò sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ ki ìdí òdòdó bọ inú ihò. Omi kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó máa gbé wọn dúró di alẹ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan aṣọ tábìlì: àbàwọ́n dúdú rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, pàápàá lára aṣọ òkè.

Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Òdòdó ò gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn lọ, káwọn tó kọjú síra lè ríra. Ẹ jìnnà sí fáànù àti ooru oúnjẹ. Ẹ má tò ó ti máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ tí èso ń tú jáde bó ṣe ń pọ́n máa ń tètè gbọn òdòdó dànù.

Oleander àti allamanda (òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó dà bíi fèrè) ní májèlé. Ẹ má fi wọ́n sórí ìrẹsì tàbí kéèkì, ẹ má sì fi wọ́n síbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó.

Tí àlejò bá ti lọ, ẹ gé ìtí náà wẹ́wẹ́ kí ẹ tó dà á sóko. Tó bá wà lódidi, kòkòrò tó ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á yé sínú rẹ̀.